Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Ìtọ́jú Wà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ ti ilé ẹ̀kọ́ yín pa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Kàbà ní ọdún tí mo wà ní ipele kẹrin. Ọkupéṣọ́nà tẹ́rápì ni mò ń kọ́ nígbà náà. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá dá ọwọ́ rẹ̀ dúró, iṣẹ́ tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni a fi ń tún ọwọ́ náà kọ́. Olùkọ́ kan ṣoṣo ni a ní. Wọ́n sì ti sọ fún wa pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ títí a ó fi jáde, a ò ní rí ìwé àṣẹ gbà láti ṣiṣẹ́.

Ìyá Fúnmi, ará Òkè-Bùkún, ni aláìsàn tí wọ́n fún mi. Aṣọ ni ó ń hun kí àrùn náà tó mú apá ọ̀tún rẹ̀. A gbé òfì rẹ̀ wá sí yàrá ìtọ́jú ilé ẹ̀kọ́ wa, a gbé e ti ògiri. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ náà fa òwú kọjá láìsí ìrànlọ́wọ́, ó pariwo, gbogbo wa sì bá a pariwo.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni a ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Dáre, ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa, ní kí a ti yàrá ìtọ́jú pa pẹ̀lú.

"Àwọn aláìsàn ńkọ́?" ni mo bi í.

"Igbe tiwọn ni àwọn aláṣẹ máa gbọ́. Tiwa, ta ló ń gbọ́ ọ?"

Mo na ọwọ́ sókè bíi tàwọn yòókù. Èmi ni akọ̀wé, èmi ni wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ fún.

Ní ọjọ́ kẹta, Fúnmi gbé ìyá rẹ̀ wá.

"Okun o, àǹtí. Ẹ jẹ́ kí Màmá wọlé, kò ní pẹ́."

"Ẹ má bínú, a ò lè ṣí i fún ẹnì kankan."

Ìyá náà wò mí. "Ìwọ náà, ọmọ mi?"

Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. Wọ́n tún wá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà wọn ò wá mọ́.

Oṣù méjì ni a fi ti ilẹ̀kùn yẹn. Nílé, Fúnmi àti àwọn àbúrò rẹ̀ ṣe ohun tí ọmọ gidi ń ṣe fún ìyá tó ń ṣàìsàn lọ́dọ̀ wa: wọ́n ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, wọ́n ń wọṣọ fún un, wọn ò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìkẹ́ yẹn ló ń pa ọwọ́ náà, nítorí ọwọ́ tí a kò bá lò yóò gan, èmi ló sì yẹ kí n lọ sọ fún wọn. Mi ò lọ. Ẹ̀rù ń bà mí kí àwọn ẹgbẹ́ mi má pè mí ní ọ̀dàlẹ̀.

A borí o. Olùkọ́ mẹ́ta dé, gbogbo wa gba ìwé àṣẹ, Dáre sì ti wà lókè òkun báyìí. Bí mo bá ní kò yẹ kí a jà, irọ́ ni mò ń pa. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo yẹn sílẹ̀, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Lẹ́yìn tí mo gba dìgírì, mo lọ bẹ Ìyá Fúnmi. Ọwọ́ rẹ̀ ti ká jọ, kò ṣe é nà mọ́. Wọ́n ti fi igi òfì dáná.

"Ṣé wọ́n ti fún yín ní tíṣà?" ló bi mí.

"Wọ́n ti fún wa, Màmá."

"Ó dáa."

Fúnmi gbé ife omi sí i lẹ́nu. Ó ṣe mí bíi kí n ní, "Jẹ́ kí Màmá fọwọ́ ara wọn gbé e," ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?