Bàbá Mi, Rájí Ahunṣọ

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí bàbá mi, Rájí, ṣùgbọ́n Sábọ̀n Gàrí ní Kánò ló ti di àgbà. Lábẹ́ páànù kan lẹ́bàá Enugu Road ló ti hun aṣọ òfì fún ogójì ọdún, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí àwọn télọ̀ ń rán pọ̀ di agbádá. Iṣẹ́ yẹn ló fi rán mi níléèwé títí mo fi di tíṣà. Ojú rẹ̀ sì ń tì mí. N kò ní àwáwí kankan. Mo gba yàrá sí àdúgbò mìíràn, Brigade, ẹni tó bá bi mí, mo máa ń ní oníṣòwò aṣọ ni bàbá mi, Ìsẹ́yìn ló wà. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń yọ́ lọ kí i.

Lọ́dún 1979, ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo ń kọ́ Form Three. A dé orí àwọn ohun tí òyìnbó dá sílẹ̀ láàárín ọdún 1700 sí 1800. Mo ya ọkọ̀ ahunṣọ sára bọ́ọ̀dù, igi kékeré tó ń gbé òwú láti etí aṣọ kan dé èkejì. Mo ní ní 1733, ará England kan fi okùn sí tirẹ̀, bí wọ́n bá ti fà á, ọkọ̀ náà á sáré kọjá fúnra rẹ̀. Mo wá fi kún un pé ní gbogbo ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, oorun ni àwọn baba ńlá tiwa ń sùn. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó.

Ọmọbìnrin kan, Salome, nawọ́ sókè. Ó ní bàbá kan ń hunṣọ nítòsí ṣọ́ọ̀bù ìyá òun, ṣé a lè lọ wò ó bóyá òfì tirẹ̀ náà lókùn? Kí n tó rí irọ́ pa, ọ̀gá iléèwé tó ń kọjá lójú fèrèsé ti ní kí n kó wọn lọ ní Ọjọ́bọ̀.

Mo gbàdúrà lójú ọ̀nà pé kí bàbá mi ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Orí òfì la bá a. Ó rí mi, ó ya ẹnu láti pe Bàdírù, orúkọ mi. Mo yára sọ fún àwọn ọmọ pé bàbá tí Salome wí nìyí. Ó pa ẹnu dé.

Àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọmọ Hausa lóṣòó, wọ́n kí i kú iṣẹ́: "Baba, sannu da aiki." Èmi tó yẹ kí àyà mi kọ́kọ́ kanlẹ̀, mo dúró ṣánṣán, mo kọ́wọ́ bọ àpò.

Salome ṣàlàyé ọkọ̀ olókùn fún un. Bàbá mi béèrè bí aṣọ wọn ṣe fẹ̀ tó. Mo na apá méjèèjì.

"Ẹ̀n-ẹ́n, apá ẹnì kan ò lè ká a, ìdí nìyẹn. Wọ́n gbọ́n. Ṣùgbọ́n tèmi yìí, ọwọ́ mi kan ìhín, ó kan ọ̀hún. Kí ni n ó fi okùn ṣe?"

Ó yé àwọn ọmọ kíá. Èmi tí mo pe ọgbọ́n ní oorun, ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé.

Salome tún ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò ní pikin tẹ́ ẹ máa kọ́ ní work yìí ni?"

Bàbá mi wò mí. Ó fún mi láyè dáadáa láti sọ̀rọ̀. Páànù ni mo ń wò.

"Mo ní ọ̀kan," ó dáhùn. "Ìwé ló wù ú. Ó jìnnà síbí."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo lọ bá a, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀, mo ní kó forí jì mí. Kò bínú. Ì bá bínú, ara ì bá tù mí.

Ó ní, "Mo ti forí jì ọ́. Dìde, Tíṣà, kí aṣọ rẹ má bàjẹ́."

Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún méje ló tún lò láyé, kò pè mí ní Bàdírù mọ́.