Ọjà Orí Odò Subiri

Agbẹ́gilére ni bàbá Ọ̀jọ̀gbọ́n Sarfo, nítorí náà, nígbà tí wọ́n fi í jẹ olórí ilé ẹ̀kọ́ ìyàwòrán ilé kan ní Kumasi níbí, inú gbogbo àdúgbò wa dùn. Ohun kan náà ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún: kí wọ́n tó fa ìlà kankan sórí ìwé, kí wọ́n lọ dúró nínú òjò lórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí, kí wọ́n wo ibi tí omi ń gbà. Bàbá Olójò ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn.

Nígbà tó yá, ìjọba ìlú ní kó wá máa gba àwọn nímọ̀ràn lórí ọjà tuntun kan. Àbàtà odò Subiri ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí. Ó ní odò máa gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Alága ìlú ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, a ti gbọ́," wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Akyere, ìyàwó rẹ̀, ní kó fi wọ́n sílẹ̀.

"Bí mo bá kúrò níbẹ̀, ta ló máa bá wọn sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbọ́ tiyín?"

Ó dúró sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi fẹ gọ́tà díẹ̀ sí i, ó sì rò pé ìyẹn sàn ju òfo lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí ọjà, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sẹ́nu géètì.

Nínú oṣù kẹfà, lọ́sàn-án gangan, odò ya wọ ọjà. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ò rọ́nà jáde. Afriyie, obìnrin àdúgbò wa kan, wà lára àwọn tó ń tajà níbẹ̀; àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ta aṣọ, bá omi lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Afriyie wá sílé Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó máa ń pè ní Wòfà, bí a ṣe ń pe arákùnrin ìyá ẹni. Mo wà níbẹ̀.

"Wòfà, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ta lẹ sọ fún?"

"Mo sọ fún wọn. Ní yàrá ìpàdé, mo sọ ọ́ léraléra."

"Àwa ò sí ní yàrá yẹn. Orúkọ yín la rí lẹ́nu géètì. Àbúrò mi ní bí ẹ bá ti lọ́wọ́ sí i, kò séwu."



Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀wé fi iṣẹ́ méjèèjì sílẹ̀. Ó lọ sórí rédíò, ó ròyìn gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, alága ní ṣebí Ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an ni olùdámọ̀ràn àwọn, ẹ lọ wo orúkọ rẹ̀ lẹ́nu géètì. Alága làwọn èèyàn gbà gbọ́.

Dwomoh ni wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn, ọmọ tó mọ iṣẹ́ jù nínú gbogbo ọmọ tó kọ́. Ojú ibẹ̀ náà ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ ọjà sí. Ó wá kí ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, bí mi ò bá gbà á, ẹni tí kò mọ nǹkan kan ni wọ́n máa gbé síbẹ̀."

"O sọ ti odò fún wọn?"

"Mo sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dùn ún gbọ́. Látìgbà náà, kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́.

Àfi ọjọ́ tó gbọ́ pé Afriyie ti gba ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ nínú ọjà tuntun náà. Ó wọ bàtà, ó lọ bá a. Afriyie ń to aṣọ lọ́wọ́.

"Afriyie, mo bẹ̀ ọ́, kúrò níbí."

Kò wojú rẹ̀. "Kí n lọ síbo, Wòfà?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró síbẹ̀ títí oníbàárà kan fi ní kó jọ̀ọ́, kó yẹ̀ lọ́nà fún òun.