Ẹnu Mi Kò Gbọdọ̀ Dákẹ́ Nídìí Dòdò

Bí o bá ń dín dòdò tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìkirè, ìwọ ni o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Àpòmù máa ń sọ pé, "Oníbàárà tí kò bá rí i pé ẹnu rẹ ń mì, kò ní tọwọ́ bàpò." Nítorí náà, láàárọ̀ kùtù, lórí ikùn òfìfo, mo máa ń jẹ ẹ́ gbígbóná lójú àwọn èrò ọkọ̀.

Dòdò tiwa, àgbagbà tó ti pọ́n débi pé èèpo rẹ̀ ti dúdú ni. A ó po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, a ó dín in nínú epo pupa. Ó dùn, àmọ́ ata ni. Nígbà tó yá, inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà. Lónìí yóò wú, yóò máa run mí. Lọ́la, mo ti ju ṣíbí sílẹ̀, mo ti sáré lọ ilé ìgbẹ́. Ojú ń tì mí. Ta ni yóò ra oúnjẹ lọ́wọ́ onígbọ̀nsẹ̀?

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ mí wò. Nọ́ọ̀sì ní kò sí egbò, kò sí aràn, ìfun mi ni kò gba gbẹ̀rẹ́. Mo lo oògùn, ó dẹwọ́, ó tún padà. Nígbà tí Ramadan dé, tí kò sẹ́ni tó ń retí kí n jẹun lọ́sàn-án, inú mi dákẹ́ rọ́rọ́. Ààwẹ̀ parí, mo tún tọ́ dòdò wò, wàhálà bá tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ata àárọ̀ yẹn ló ń bí ìfun mi nínú.

Ni mo bá ń gbààwẹ̀ ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè. Ọjọ́ tó kù, ẹ̀kọ ni mo fi ń jẹun àárọ̀, ata ò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò burú, àmọ́ bí mo bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí tí mo bá ń rù, kí n má fi ààwẹ̀ bò ó, kí n tètè wá. Ara tù mí.

Ní Tọ́sìdeè kan, awakọ̀ kan kó èrò wá.

"Ìyá Ráṣìdì, ẹ jẹ ọ̀kan ká rí i."

"Mo gbààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ wo? Ṣebí Ramadan ti lọ."

Àwọn èrò ń wojú ara wọn. Obìnrin kan ní, "Ó lè ti kan," ó sì padà sínú ọkọ̀. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá dé gáréèjì, ọjà mi ti tán nìyẹn.

Ìyá Fúnmi ló ń dín tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A ti já oníbàárà gbà mọ́ ara wa lọ́wọ́ débi pé agbára káká la fi ń kíra. Ó dìde, ó tọwọ́ bọ igbá mi láìtọrọ, ó jẹ ọ̀kan, ó tún mú òmíràn.

"Tèmi ò dùn tó èyí," ó sọ ọ́ sókè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rà á.

Nígbà tí ọkọ̀ lọ, mo bi í pé kí ló dé.

"Ẹ rò pé mi ò rí yín ni? Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń sáré lọ ẹ̀yìnkùlé, ta lẹ rò pé ó ń bá yín ṣọ́ igbá?"

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Dòdò tirẹ̀ ti jóná sínú agbada.