Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà àti Okùn Kúkúrú

Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, inú máa ń bí mi. Iléèwé aládàáni kan ní Òde Ùgbò ni mo ti ń ṣe tíṣà. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, obìnrin tó ni iléèwé náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni òun lè fún mi, kò sì ní sí owó oṣù níbẹ̀. Bí ó bá fi ọjọ́ kan lé, òun á gba ẹlòmíràn. Ó ní, "Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, tíṣà." Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀! Àwọn tíṣà ìjọba ń tọ́jú ọmọ wọn nílé fún oṣù mélòó kan, owó wọn sì ń wọlé. Èmi ńkọ́? Ọkọ mi wà lójú òkun, ẹja ò jáde, owó oṣù tèmi la fi ń ra gààrí. Ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ìbímọ kò tíì dá tán lára mi.

Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí mi ti kìlọ̀ pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà, pé ara èmi náà á tètè bọ̀ sípò. Mo fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ dandan. Lórí òpó nínú omi ni ilé wa wà, kò sí iná tí a lè fi lo fíríìjì. Nítorí náà, láràárọ̀, mo máa ń fún omi ọyàn sínú fídà, ìgò oúnjẹ ọmọ, mo máa ń gbé e sínú àpò àwọ̀n kékeré, mo sì máa ń fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kó lè tutù. Bí ọkọ mi ṣe ń tọ́jú ọtí ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀ nìyẹn. Bí ọmọ bá sunkún, ìyá ọkọ mi, tó ń yan ẹja nílé, á fa okùn sókè, á sì fún un.

Ní kíláàsì, adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí mo bá gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, mo ti dé ojú fèrèsé. Ọmọ mi ò sí lọ́dọ̀ mi, ọyàn mi ò sì mọ̀. Ó ń sun wàrà sí mi láyà ní tirẹ̀. Ọmọdé kan pariwo, "Tíṣà, omi ti da sí yín láṣọ!" Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì jágbe mọ́ wọn.

Lọ́jọ́ kẹrin tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, a jáde iléèwé, mo sáré dé èbúté, ọkọ̀ ò kún. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

Awakọ̀ ní, "Ìyàwó, èèyàn mẹ́rin ló kù. Ṣé ilé ń jó ni?"

Ilé ò jó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé, ìyá ọkọ mi ń rìn káàkiri lórí pákó pẹ̀lú ọmọ mi léjìká. Ọmọ ń bì, ó ń ṣu omi, ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Ìyá, kí lẹ fún un?"

"Omi ọyàn tí o gbé sílẹ̀ ni. Ó tiẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kaná."

Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kẹ̀! Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ẹ̀gbẹ́ ilé. Láàárọ̀, nígbà tí omi kún dé abẹ́ pákó, ni mo fi ìkánjú so okùn kúkúrú, kí ọkọ̀ má baà fi mí sílẹ̀. Omi sì fà bó ṣe máa ń fà lójoojúmọ́, àpò àwọ̀n ń rọ̀ dirodiro nínú oòrùn. Èmi tí wọ́n bí sórí omi, mo gbàgbé pé omi máa ń fà! Yéè, mo fẹ́ẹ̀ pa ọmọ mi.

Ìyá ọkọ mi ló wa ọkọ̀ gbé wa dé ilé ìwòsàn. Ó ń wà á kíkan-kíkan, ó ń sunkún, ó ní òun ló jẹ̀bi. Nọ́ọ̀sì ní ká ní a pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, ẹ̀pa ì bá má bóró mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wà níbẹ̀, wọ́n ń fa omi sí ọmọ mi lára. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin tó ni iléèwé pè mí lórí fóònù, ó bi mí bóyá mò ń bọ̀ lọ́la. Mo ní rárá. Ó ní kò burú, ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ mi parí sí.

Ọmọ mi yè, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Ọmú mi nìkan ló ń mu báyìí, ó ti sanra, èmi náà sì ti ń rí oorun sùn. Gààrí ló ṣòro.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà tí wọ́n fi rọ́pò mi wá gba ìwé kíláàsì lọ́wọ́ mi. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo rí i pé oyún ti hàn lára rẹ̀. Ó gbé ọmọ mi, ó bá a ṣeré, ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, oṣù mélòó ni wọ́n fún yín nígbà tí ẹ bímọ?"

Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé mò ń bá òun ṣàwàdà.