Ìwé Tí Bàbá Mi Kọ Sẹ́yìn Tipa

Ayọ̀rìndé lorúkọ bàbá mi. Láti Ìkirè ni wọ́n ti wá sí Ọ̀tà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ aṣọ. Nígbà tí ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP dé, òwú wọ́n. Iléeṣẹ́ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ sinmi nílé ná. Ìsinmi náà ò tíì parí.

Bàbá mi ra búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kọ̀wé sára mọ́tò ní Sángò. Èmi ni mò ń po ọ̀dà. Wọ́n fẹ́ràn ìwé àwọn tó ń ronú lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣèlú. Àlòkù ni wọ́n máa ń rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n ní òǹkọ̀wé làwọn náà.

Fàlílù tó ń wa tipa máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Òǹkọ̀wé, ìwé yín dà?"

"Òun lò ń wà kiri yẹn."

Alhájà Mùíbátù ló ni tipa. "Alhamdulillah" ni wọ́n ní kí bàbá mi kọ. Bàbá mi kọ ọ́ síwájú. Wọ́n wá kọ tiwọn sẹ́yìn: ÌJỌBA NÍ KÁ NÍ SÙÚRÙ. A DÉ ỌJÀ, SÙÚRÙ TI TÁN NÍBẸ̀.

Ọlọ́pàá dá Fàlílù dúró lọ́nà Agbára, tòun ti yanrìn.

"Ta ló kọ radaràda yìí?"

"Ọ̀gá, mi ò mọ̀wé."

Ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Alhájà bínú, wọ́n ní kí bàbá mi pa á rẹ́.

"Alhájà, kíkọ ni mo mọ̀. Mi ò kọ́ pípa rẹ́."

Kò pẹ́ sígbà náà, ikọ́ dá wọn dúbúlẹ̀. Dókítà kọ oògùn. Oògùn ò sí. A sin wọ́n.

Tí mo bá po ọ̀dà tán, mo ṣì máa ń yíjú láti gbé e fún wọn.

Orúkọ onímọ́tò ló wà lára àwọn mọ́tò tó kù. Ọ̀rọ̀ bàbá mi gangan, ẹ̀yìn tipa yẹn nìkan ló wà. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Alhájà pè mí.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Wá bá mi kun ẹ̀yìn tipa yẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ó wà."

"Ṣé ìwọ lo máa lọ gba Fàlílù lọ́wọ́ ọlọ́pàá?"

Tí mi ò bá kùn ún, ẹlòmíì á kùn ún. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kùn ún.

Ọ̀dà ti di ọ̀wọ́n. Mo fi kẹrosíìnì là á, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nígbà yẹn. Ó tó kùn lẹ́ẹ̀kan.

Kí ọyẹ́ tó dé, oòrùn ti jẹ ọ̀dà mi. Ọ̀rọ̀ bàbá mi jáde padà, lẹ́tà kankan ò dín. Alhájà àti Fàlílù gbé tipa náà wá bá mi.

"Ṣebí o kùn ún?"

"Mo kùn ún, mà."

"Kí ló wá dé?"

"Ọ̀dà tó dáa ni bàbá mi fi kọ ọ́, mà."

Wọ́n kọjú sí Fàlílù. "Àwọn ọlọ́pàá ńkọ́?"

"Wọn ò dá mi dúró mọ́, Alhájà. Tí wọ́n bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á máa kà á fúnra wọn. Ó jọ pé owó oṣù tiwọn náà ò wọlé."

Alhájà rìn lọ wo iwájú tipa náà. Wọ́n ní ká fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn tún "Alhamdulillah" kọ, ìyẹn ti ń ṣí.