Dróònù Tó Wọ Sílípáàsì

Èmi ni pílọ́ọ̀tì tó mọṣẹ́ jù ní gbogbo àdúgbò Igbó-Elérin. Èmi nìkan náà ni pílọ́ọ̀tì tó wà níbẹ̀, orí igi àgbọn sì ni mo kọ́kọ́ bà lé.

Dróònù tòkunbọ̀ kan ni mo rà ní ọjà Alábà lẹ́yìn tí mo fi yunifásítì sílẹ̀. Kí n má purọ́, yunifásítì ló fi mí sílẹ̀. Mo fẹ́ máa fi ya fídíò ìgbéyàwó, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e fò. Wáyà iná ló sì kún ojú ọ̀run àdúgbò wa. Àfi igbó etí odò tó jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́ onílé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ já ewé, kó já ewé. Àwọn ìjọ aláṣọ funfun ní ilẹ̀ àánú kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń gbàdúrà. Kó o tó tẹ̀ ẹ́, wàá bọ́ bàtà. Mùsùlùmí o, Kìrìsìtẹ́nì o, gbogbo wa là ń bọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ń gbé e fò níbẹ̀, bátìrì lọ sílẹ̀. Dróònù ò bi mí léèrè, ó kàn bà sáàárín àwọn ìyá tó ń gbàdúrà. Iyanrìn fọ́n sí wọn lójú, àbẹ́là kú. Wọ́n gbé e lọ fún alága ẹgbẹ́ onílé, alága ní àwọn máa ṣòfin ẹ̀ ní mítìn ọjọ́ Sọ́ńdè.

"Tí wọ́n bá ní kò gbọdọ̀ fò mọ́," màámi wí, "wàá tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi lọ ọjà àgbò ní Alábà Rago, wàá lọ máa tọ́jú àgbò."

Àgbò ti kàn mí ṣubú rí, lójú ọmọge. Mi ò lè jókòó, mi ò lè jẹun. Nígbà tí mítìn bẹ̀rẹ̀, bẹ́ǹṣì iwájú ni mo lọ jókòó sí.

Alága ń to òfin sílẹ̀: kò gbọdọ̀ fò tí wọ́n bá ń kírun tàbí tí wọ́n bá ń gbàdúrà, kò gbọdọ̀ yọjú sí ẹ̀yìnkùlé ẹni tó ń wẹ̀.

"Mo gbà, sà! Mo gbà, sà!" Mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.

Ni ìyá tó jẹ́ olórí àwọn aláṣọ funfun bá dìde. "Ẹ bá mi bi í. Nígbà tó bà sórí ilẹ̀ àánú wa, ṣé ó bọ́ bàtà?"

"Dróònù kì í wọ bàtà, mà."

Alága gbé e sókè, wọ́n yí i wò. Kí ẹsẹ̀ ẹ̀ má bàa kán, ọlọ́gbọ́n èmi ti gé sílípáàsì mi, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Kí lèyí, pílọ́ọ̀tì?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Mo máa yọ ọ́, sà! Kíá báyìí!"

"Tí bátìrì bá tún lọ sílẹ̀, ta ló ń sọ ibi tó máa bà sí fún un?" alága bi mí.

Mo wá irọ́ tì. "Òun fúnra ẹ̀ ni, sà."

"Á jẹ́ pé ìwọ kọ́ ló ń wà á. Nǹkan tí ò gbọ́ tẹnikẹ́ni ò lè fò nínú igbó wa mọ́."

Wọ́n dá a padà fún mi. Bí èmi àti màámi ṣe ń lọ sílé, mi ò lè pa ẹnu mọ́.

"Màámi, ṣé mi ò lè máa fi dróònù ṣọ́ àwọn àgbò yẹn látòkè ni?"

"Okùn àgbò lo máa dì mú."