Ààbọ̀ Abẹ́rẹ́ Nínú Ìrọ̀rí Ọmọ Jòjòló

Ọjọ́ tí mo sáré lọ sí Jakande nítorí ààbọ̀ abẹ́rẹ́ kan ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé títí ayé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsọlọ̀, mo ń fi ẹ̀rọ rán àwòrán erin tí mo gé lára àǹkárá mọ́ ojú ìrọ̀rí kékeré kan. Ẹ̀bùn ọmọ tuntun Ìyá Rúkà ni. Abẹ́rẹ́ ṣẹ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀ kíá kí wọ́n tó mú iná lọ, mo parí iṣẹ́, mo sì gbé ìrọ̀rí náà lọ fún un nílé rẹ̀ ní Jakande.

Nígbà tí mo padà dé, mo ń gbálẹ̀, mo rí ìdí abẹ́rẹ́, n kò rí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé inú ìrọ̀rí ló wà. Mo mú òòfà tí mo fi ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀, mo sá jáde, n kò tilẹ̀ rántí ti ìlẹ̀kùn.

Nígbà tí mo dé ilé Ìyá Rúkà, ọmọ náà ti sùn lórí erin ojú ìrọ̀rí náà.

"Ìyá Rúkà, gbé ọmọ yẹn! Gbé e kíá!"

"Àǹtí, kí ló dé?"

Ó gbé e. Mo ń tẹ òòfà káàkiri ìrọ̀rí. Lábẹ́ etí erin ló ti lẹ̀ mọ́ nǹkan. Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ti ń yọjú, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ti wà tẹ́lẹ̀.

Ìyá Rúkà kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ gba ọmọ mi là."

Títí dòní ló ń dúpẹ́. N kò tíì lẹ́nu láti sọ fún un pé ìṣojú mi ni abẹ́rẹ́ náà ti ṣẹ́, pé nítorí kí wọ́n má baà mú iná lọ ni n kò fi wá ṣóńṣó rẹ̀.